Òkun Ni, Kì í Ṣe Okùn

Mo rántí ìgbà tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun gba gbogbo abẹ́ ibùsùn mi ní Ìsíkàn, ní Àkúrẹ́ níbi tí òkun kò sí rárá. Àwọn ọdún tó le ni. Owó oṣù àwọn tíṣà kò jáde, bàbá mi tó ń kọ́ni ní Oǹdó sì wà lára wọn. Yunifásítì ń ṣí, ó ń tì. Olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà ti sá fún ìyà náà lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹrẹ̀ tó ti kó bọ̀ láti ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi.

Nígbà láéláé, níbi tí ẹrẹ̀ náà ti wá, ọ̀nà omi kan so òkun méjì pọ̀. Ilẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀, ó dí i. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-ìn-tín ìsàlẹ̀ òkun, tí ìkarahun wọn kò ju ẹyọ iyanrìn lọ, nígbà tí omi tó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn kò rọ́nà kọjá mọ́: ta ló kú, ta ló kù.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa pè mí. "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òkúta kún Àkúrẹ́, lọ ṣiṣẹ́ lórí òkúta. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ jáde."

Mo ní n kò ṣe òkúta, sà. Èmi tí n kò mọ ibi tí n óò ti rí omi, ẹ wo agídí! Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń fi asẹ́ fọ ẹrẹ̀ náà kí ìkarahun wọn lè kù sínú rẹ̀, tí ìyá onílé mi ń kùn pé, "Ọmọ yìí, ṣé o ò ní kó ìdọ̀tí yìí kúrò n'úlé mi ni?"

"Tótó ó ṣe bí òwe o, ìyá. Bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, à á rí ìfun inú rẹ̀."

Ó ní ìfun èèrà kò ṣe é sebẹ̀.

Bàbá mi náà fẹ́ kí n gbà fún ọ̀gá. Ó ní kí ìjọ wa l'Óǹdó gbàdúrà kí Ọlọ́run yí mi lọ́kàn padà kúrò nídìí "okun didi", bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìkéde láìsí àmì ohùn kankan. Ní ọjọ́ ìsinmi tí mo wálé, akéde dìde, ó kà á sókè pé ọmọ tíṣà ń kẹ́kọ̀ọ́ okùn dídì ní yunifásítì. Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn láti so ni?" Bàbá mi dorí kodò. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Mo fò dìde láàrin ìjọ.

"Òkun ni, kì í ṣe okùn! Ọ̀nà rẹ̀ ló dí. Àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì kú tán!"

Nígbà tí a délé, mo rò pé bàbá mi yóò nà mí. Ó ní, "O ti pariwo rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. O gbọ́dọ̀ parí rẹ̀."

Àwọn ẹgbẹ́ mi jáde, wọ́n fi mí sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo wá dúró níwájú àwọn olùdánwò, ọ̀gá bi mí pé kí ló kan Oǹdó kan òkun tó dí kí a tó dá ènìyàn.

"Sà, ọ̀nà dí mọ́ àwa náà. Àwọn tí kò lè ṣe láìsí oúnjẹ púpọ̀ ló kọ́kọ́ tán nínú òkun náà. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń fi díẹ̀ gbé ayé ló wá kún ibẹ̀."

Wọ́n fún mi ní máàkì tó kéré jù lọ tí wọ́n fi ń yege. Ó bí mi nínú fún ìgbà pípẹ́. Mo ti darúgbó, ó ṣì ń bí mi nínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n tún un yàn lónìí, ẹrẹ̀ yẹn náà ni n óò gbé, kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín máa rín in lọ.