Irin Kẹrin

Òórùn karosíìnì ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Kì í ṣe ti sítóòfù o, torí bàbá mi kì í dáná láàárọ̀. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà la máa ń rà jẹ. Òórùn irin tí wọ́n ti rẹ sínú abọ́ karosíìnì mọ́jú ni. Yàrá kan ṣoṣo la ní, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Ikate, níbi tí ògiri kan ti pààlà sáàárín ilé àwọn onílẹ̀ àti ẹ̀sìtéètì àwọn olówó. Tí afẹ́fẹ́ òkun bá ti fẹ́, á kó iyanrìn wọlé, bàbá mi á sì máa bá iyanrìn jà bíi pé ó lẹ́tí. "Iyanrìn àti ẹ́ńjìnì kì í ṣọ̀rẹ́!" Èmi ni mo máa ń gbá a.

Òórùn yẹn nítàn, mo sì mọ ọ̀sẹ̀ tó wọlé tọ̀ wá.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá mi ti kó lọ sí Ìwó lọ́dún tó ṣáájú, ó pọn àbúrò mi lọ, ó sì fi mí sílẹ̀ nítorí ilé ìwé. Ohun tó fa ìjà òun àti bàbá mi, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, mi ò sì tíì mọ̀ títí dòní. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí ìyá mi lọ, ìwọ̀nba tó ń sọ náà tún dín kù. Etí rẹ̀ sì ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, òòlù àti jẹnẹrétọ̀ ló jẹ ẹ́. Àfi kéèyàn sún mọ́ ọn kó tó gbọ́. Ní ilé ìwé, wọ́n ní mo ń rùn bí ọkọ̀ agbépo, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá mi jókòó. Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà: ẹ́ńjìnì ni mo máa ń kí tí mo bá dé láti ilé ìwé. "Ẹ káàsán o." Wọn ò dáhùn, àmọ́ wọn ò sá fún mi.

Iṣẹ́ bàbá mi ni kó tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ kó sì tò ó padà kó lè sáré ju bó ṣe ń sá tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀sìtéètì tí wọ́n ń bá ara wọn sáré ìje láàárọ̀ ọjọ́ Sunday ló ń gbé ọkọ̀ wá. Nínú iṣẹ́ náà, kọ́nróòdù ni kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Òun ni irin gígùn tó so písítìnì tó ń lọ sókè-sódò mọ́ kíránkì tó ń yí nísàlẹ̀, bí ẹ́ńjìnì bá ń sáré, òun ló ń jẹ gbogbo ìyà ibẹ̀. Mẹ́rin ni ẹ́ńjìnì kan ń lò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbọ́dọ̀ bára mu. Bàbá mi á kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n lórí ìwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja iwájú wa, (ìyá yẹn á máa pariwo pé a fẹ́ fi epo ba ẹja òun jẹ́). Lẹ́yìn náà, á fi okùn so wọ́n rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi sípánà lù wọ́n. Èyí tó bá pé á dún lọ gbọọrọ, "gíìììn," bí aago. Èyí tó bá ti là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ò rí i, á kàn ṣe "kọ̀" ni. Bí ìyá mi ṣe máa ń fi ìka kan ìkòkò amọ̀ lọ́jà kó tó sanwó gan-an nìyẹn. Bàbá mi a máa sọ pé, "Irin kì í purọ́. Èèyàn ló ń purọ́."

Ṣùgbọ́n etí bàbá mi ò gbọ́ irú ìró yẹn mọ́. Èmi ni mo di etí rẹ̀. Á ní, "Àjọkẹ́, gbọ́ ọ fún mi." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń lu irin kọ̀ọ̀kan fún mi. Rìskátù lorúkọ tó ń pè mí nílé, tó fi ń rán mi níṣẹ́, tó fi ń bá mi wí. Ìdí irin yìí nìkan ló ti máa ń pe oríkì mi, ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe máa ń dùn tó.

Ìgbà tó yá ni Bọ̀dá Túndé gbé ọkọ̀ tirẹ̀ dé. Ọmọ ẹ̀sìtéètì ni, onínúure ni, ó máa ń ra bisikíìtì fún mi. Ó ti so túbò mọ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀ kó lè lágbára sí i, àwọn kọ́nróòdù tó bá a wá kò sì ní lè gbà á. Tuntun tó yẹ kó dé láti òkè òkun ń falẹ̀, ìje wọn sì ti dọjọ́ Sunday. Bàbá mi ní òun á ṣa mẹ́rin tó lágbára nínú tòkunbọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó gbà á, ó wò mí, ó ní, "Tí iṣẹ́ yìí bá parí ní Jímọ̀, a máa lọ sí Ìwó ní Sátidé, ká lọ wo ìyá ẹ."

Háà! Mi ò sùn. Títí di Tọ́sìdeè a ti rí mẹ́ta. Láàárọ̀ Jímọ̀, a rí ìkẹrin nísàlẹ̀ àpò, ìwọ̀n rẹ̀ bá ti àwọn yòókù mu rẹ́gí. Bàbá mi ti fá irùngbọ̀n, ó ti fọ agbádá rẹ̀ sá sórí okùn. Ó so irin náà rọ̀, ó lù ú.

Ó dún, ó sì kú lójijì. Kọ̀.

Mo mọ ohun tó kàn tí mo bá sọ ọ́. Ó máa rẹ ẹ́ sínú karosíìnì mọ́jú, á nù ún gbẹ, á fi ẹ̀tù ṣọ́ọ̀kì pa á lára. Tó bá là, karosíìnì tó ti sá pamọ́ síbẹ̀ á fa ìlà dúdú jáde. Ìyẹn á gba ọjọ́ kan, àá sì tún wá òmíràn. Ìwó ti lọ nìyẹn.

"Báwo ni, Àjọkẹ́?"

"Ó dáa, Bàbá."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lù ú lọ́jọ́ náà. Ó tú okùn, ó sì gbé irin wọnú ẹ́ńjìnì.

A lọ sí Ìwó. Ìyá mi fọ orí mi, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí òórùn gíríìsì tó kúrò, ó dì í ní ṣùkú. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú agbádá, ó ń wò wá. Mo sùn ti ẹ̀yìn ìyá mi lálẹ́. Bí mo bá ti di ojú, mo ń gbọ́ "kọ̀."

Ní Monday, Bọ̀dá Túndé wọlé pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Irin náà ti já lẹ́nu eré, ó fọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì jáde, epo gbígbóná sì gbiná. Ọpẹ́ ni pé ó rí àyè sá jáde nínú ọkọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni mo gbọ́kàn lé o." Bàbá mi gba irin tó já náà. Níbi tó ti là tipẹ́, ó dúdú; níbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya, ó ń dán. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó wo èmi tí mo gbé báàgì ilé ìwé kọ́ èjìká.

Ó sọ fún Bọ̀dá Túndé pé, "Àṣìṣe mi ni. Èmi ni mo yàn án."

Kò nà mí. Ó ṣe mí bíi kó nà mí. Láti ọjọ́ náà, kò tún so irin kankan rọ̀ fún mi mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń rẹ mọ́jú, ìgbà yẹn sì ni òórùn karosíìnì wọ yàrá wa. Mo ń ṣa ẹ̀rúnrún ṣọ́ọ̀kì bọ̀ láti ilé ìwé fún un. Á gbà á, á ní, "O ṣeun, Rìskátù."

Ajah ni mo wà báyìí, èmi náà ń to ẹ́ńjìnì. Inú páálí, tòun ti ìwé, ni kọ́nróòdù tuntun ń wá, síbẹ̀ mo ń so wọ́n rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá mi ti kú. Bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi, etí rẹ̀ sì ti dí pátápátá. Lóṣù tó kọjá, mo ń palẹ̀ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, mo rí irin tó já náà nísàlẹ̀, ó fi aṣọ wé e. Mo gbé e fún un níbi tó jókòó sí níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, mo gbọ́ ọ nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé ó ti là."

Kò wo ẹnu mi. Ó ń fi àtàǹpàkò pa ojú ibi tó ti já. Ló bá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn òkè tí àwọn adití ń lò, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì yíjú sí wa.

"Ìyá ẹ lo fẹ́ lọ wò, Àjọkẹ́. Èmi náà fẹ́ lọ wò ó."

Ọdún mẹ́jọ la tún fi sùn nínú yàrá kan náà ní Ikate lẹ́yìn tí irin yẹn já, èmi dojú kọ ògiri tèmi, òun náà dojú kọ tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn ì bá sọ ọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì ń gbọ́ tó bá sún mọ́ ọn. Èmi àgbà yìí sún mọ́ ọn lọ́jọ́ náà, mo sọ ọ́ sí i létí lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọ́ ọ̀kankan.