Ọjọ́ Tí Odò Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Wa Yí Àwọ̀ Padà

Bí òjò bá ti ṣú báyìí, ọjọ́ Sátidé tí a lọ tún odò kékeré ẹ̀yìn ilé-ìwé wa ní ìlú Tucker ṣe ni mo máa ń rántí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi, Dọlápọ̀, yọ̀ǹda ara wa láti fa ìtàkùn tó bo etí odò náà tu, kí a lè gbin igi ìbílẹ̀ síbẹ̀. Aunty Ṣadé, nọ́ọ̀sì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ni wọ́n fi ọkọ̀ wọn gbé wa lọ.

A ti gbin igi mélòó kan, a sì ń fa ìtàkùn tó kù nínú omi létí odò. Oòrùn ń ràn níbi tí a wà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti dúdú ní apá òkè odò. Àwọn ẹyẹ ṣàdédé dákẹ́. Omi tó mọ́ gaara di pupa, ó sì ń gbé ẹ̀ka igi kọjá.

Aunty pariwo pé, “Ẹ jáde nínú omi! Kíá!”

Èmi àti Aunty sáré gun òkè, ṣùgbọ́n Dọlápọ̀ kò lè kúrò. Bàtà rọ́bà rẹ̀ ti rì sínú ẹrẹ̀.

“Aunty, ẹ gbà mí! Mi ò lè gbẹ́sẹ̀!”

Omi ti dé ìbàdí rẹ̀. Aunty dojú bolẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí i, èmi sì di ẹsẹ̀ wọn mú.

“Fi bàtà yẹn sílẹ̀!” ni Aunty kígbe.

Bí a ṣe fà á jáde ni etí odò níbi tó ti dúró ya lulẹ̀, tòun ti gbogbo igi tí a gbìn.

Ní Sátidé kejì, a padà lọ gbin òmíràn. Dọlápọ̀ bá wa lọ, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.