Rúlà àti Ẹ̀bùn Ọmọ Jẹ́jẹ́

Àbúrò ìyá mi ni tísà ìṣirò tí gbogbo ilé ìwé ń pè ní Rúlà. Kò sẹ́ni tó fi orúkọ náà bú u. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ṣánṣán, kò sì mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láìfi nọ́ńbà sí i. Bí o bá kí i láàárọ̀ pé, "Àǹtí, ṣé ẹ sùn dáadáa?", yóò dá ọ lóhùn pé wákàtí mẹ́fà àti ogún ìṣẹ́jú. Ilé rẹ̀ ni mò ń gbé ní sáà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé ìwé wọn, nítorí náà ojú mi ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Ìyókù, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ nídìí àwo oúnjẹ, pẹ̀lú gbogbo nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe yàn án láti kọ́ àwọn ọmọ nípa ìsoríkọ́, nítorí ọgbọ́n ńlá ló wà níbẹ̀. Ìjọba kọ lẹ́tà pé kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe lè dá àìsàn náà mọ̀ lára ara wọn àti lára ọ̀rẹ́ wọn, kí ọmọ kankan má baà gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ka lẹ́tà náà ní ìpàdé olùkọ́, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Ta ló fẹ́ ṣe é?" Gbogbo olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí wo bàtà ara wọn bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí i nìyẹn. Ọ̀gá bá fa ìwé tí a fọwọ́ sí nígbà tí a wọlé, ó sì mú orúkọ tó wà lókè pátápátá. Ta ni ì bá tún jẹ́? Rúlà ti débẹ̀ kí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ tó dé. Ohun tí wọ́n fi san oore àìpẹ́lẹ́yìn fún un nìyẹn.

Wọ́n rán an lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì. Ó mú ìwé pẹlẹbẹ kan bọ̀ tí wọ́n ya ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá kí àwọn tí inú wọn bàjẹ́ lè mọ ohun tí wọ́n ń pàdánù. Ó sì há gbogbo rẹ̀ sórí, ojú ìwé sí ojú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n dá ìyẹn dúró ná, kí n sọ ti Rédíò. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó wà ní kíláàsì kẹrin ilé ìwé girama, ẹnu rẹ̀ kì í sì í pa dé láti agogo àárọ̀ títí di ìgbà tí a bá jáde. (Òun ló ní kí n kọ ìtàn yìí. Ó ti kà á, ó sì ní mo ṣe òun bí ọmọ kékeré. Mo ti gbọ́, Rédíò.) Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní múnítọ̀ tó ń kọ orúkọ àwọn aláriwo sínú ìwé. Múnítọ̀ ti kíláàsì kẹrin jẹ́ ọmọbìnrin onígíláàsì kan tó gba iṣẹ́ náà gbọ́ ju bí ọ̀gá ṣe gba tirẹ̀ gbọ́ lọ. Ó ti mọ Rédíò débi pé ó ti máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ kí ó tó lanu, kí ó lè ráyè mú àwọn tó kù.

Ní sáà yẹn, Rédíò dákẹ́. Yóò wọlé, yóò jókòó, yóò gbé orí lé tábìlì. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́, ẹ má purọ́ fún mi: kí lẹ máa ṣe? Bẹ́ẹ̀ náà ni. A dúpẹ́. Tísà bàọ́lọ́jì ní ìmọ̀ràn òun ló wọ ọmọ náà létí. Ìyá tó ń kọ́ wọn ní ìtàn ní àdúrà òun ni. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà lórí ẹni tó ni ìyìn. Rúlà tún ṣe ju gbogbo wọn lọ: ó dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Ọmọ Jẹ́jẹ́. Wọ́n pè é jáde lọ́jọ́ Ẹtì níwájú gbogbo ilé ìwé, wọ́n fún un ní báírò mẹ́ta, ìwé ńlá kan, àti páálí tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì padà sí àyè rẹ̀. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, tèmi ló tiẹ̀ ròkè jù.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e ni Rúlà kọ́ kíláàsì kẹrin ní ẹ̀kọ́ tuntun náà. Mo jókòó lẹ́yìn. Rédíò kò sí níbẹ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun, wọ́n sì jẹ́ kó lọ dùbúlẹ̀ ní yàrá ìtọ́jú.

"Ọ̀sẹ̀ méjì!" Rúlà fi rúlà lu pátákó. "Ìbànújẹ́ ọjọ́ kan kì í ṣe ìsoríkọ́. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú ènìyàn ò dùn, tí oorun rẹ̀ yí padà, tí ohun tó fẹ́ràn ò wù ú ṣe mọ́, ẹ fura."

"Mà, èmi ti ní i láti ọdún tó kọjá," ọmọkùnrin kan ké láti ìlà kẹta. "Ìṣirò ò wù mí ṣe rárá."

"Ṣé ó wù ọ́ tẹ́lẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ọ̀lẹ ni. Jókòó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ọmọbìnrin kan béèrè, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀ sí ti àwọn aláwàdà: "Mà, bí ọ̀rẹ́ mi bá sọ pé òun fẹ́ kú, tó wá ní kí n má sọ fún ẹnì kankan ńkọ́?"

"Má fi òun nìkan sílẹ̀, kí o sì sọ fún àgbàlagbà kan lọ́jọ́ náà gan-an."

"Á bínú sí mi, mà."

"Jẹ́ kó bínú. Ẹni tó ń bínú sí ọ wà láàyè."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Múnítọ̀ nawọ́ sókè. "Mà, ẹni tó máa ń pariwo tẹ́lẹ̀, tó wá dákẹ́, ṣé ìyẹn náà wà nínú ẹ̀?"

"Ó wà nínú ẹ̀," ni Rúlà wí, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nọ́ńbà ni ó ń gbọ́, kò gbọ́ ọmọ náà.

Nígbà tí agogo lù, múnítọ̀ gbé ìwé aláriwo rẹ̀ wá bá a nídìí tábìlì. Ó ń ṣí i láti ẹ̀yìn wá síwájú. "Ẹ wò ó, mà. Mi ò tíì kọ orúkọ Rédíò láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Lánàá, ó fún mi ní aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ò nílò ẹ̀ mọ́. Ó ti fún ẹlòmíì ní báàgì rẹ̀ tuntun. Mo kàn rò pé ó ti di ọ̀làwọ́ ni."

Mo rí i bí ojú àǹtí mi ṣe yí padà. "Ojú ìwé kọkànlá," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá ń pín ohun tó fẹ́ràn jù fún àwọn ènìyàn, kí wọ́n má fi ṣeré. Lẹ́yìn náà ó sọ fún ọmọ náà pé, "O ṣeun. O ṣe ohun tó dára gan-an," ó sì sáré jáde. Ó sáré o! Èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n mí, mi ò rí i kó sáré rí, àní nígbà tí òjò ń lé e.

Ọjọ́ Ajé nìkan ni nọ́ọ̀sì ilé ìwé máa ń wá, nítorí náà Rédíò nìkan ló wà ní yàrá ìtọ́jú, ó kọjú sí ògiri. Rúlà fa àga, ó jókòó, ó mí fún ìgbà díẹ̀, ó wá ṣe ohun tí òun nìkan lè ṣe: ó ṣí ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀.

"'Mo ti ṣàkíyèsí pé ìwà rẹ yí padà láìpẹ́ yìí,'" ó kà á jáde, "'ó sì ń ká mi lára...'"

"Mà, ṣé ìwé lẹ̀ ń kà sí mi létí ni?"

"Ojú ìwé kẹrìnlá." Kò mọ irọ́ pa, ìyà ń jẹ ẹ́. Ó pa ìwé náà dé, ó gbé e sílẹ̀. "Ṣé ó ti ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí o pa ara rẹ?"

Ẹnì kan ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri níta, gbì, gbì. Rédíò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ẹ rántí pé ọdún méjìlélógún ni obìnrin yìí ti fi ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹnu rẹ̀ kò dúró de ọpọlọ rẹ̀. "Ó tọ̀nà," ni ó wí. "O káre."

Wọ́n wo ara wọn. Bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí mì. Rúlà rò pé ẹkún ni, ó sún mọ́ ọn, ẹ̀rín ni! Rédíò ń rẹ́rìn-ín tó fi ń di ikùn mú. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà di ẹkún lóòótọ́, àǹtí mi sì gbá a mọ́ra bí ẹni tó gbé páálí ṣọ́ọ̀kì, torí kò mọ ibi tó yẹ kí apá rẹ̀ wà.

"Kò sẹ́ni tó ṣe mí ní nǹkan kan, mà," Rédíò wí láàárín ẹkún. "Gbogbo nǹkan kàn wúwo ni. Ẹ tún wá fún mi ní ẹ̀bùn. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n, bí mo ṣe ń parẹ́ yìí ló tẹ́ gbogbo yín lọ́rùn."

"Èmi ni mo dárúkọ rẹ," Rúlà wí. "Mo ṣì í. Àìsàn ń ṣe ọ́, mo fún un ní máàkì. Má bínú sí mi."

"Ẹ má sọ fún màmá mi, mà."

"Màá sọ fún wọn. Mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá yan ibi tí wàá jókòó sí tí mo bá ń sọ ọ́."

Ó ránṣẹ́ pè mí kí n jókòó ti ọmọ náà, òun sì lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá ní, ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn kẹ̀? Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá dé, pé Rúlà sì ní kíláàsì kan ní ọ̀sán.

"Sà," Rúlà wí, "bí ẹsẹ̀ ọmọ náà bá kán, ṣé ọjọ́ Ajé la máa gbé e lọ?"

"Ẹsẹ̀ yàtọ̀."

"Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Ẹsẹ̀, ẹ máa rí i." Ó fi ọ̀gá sílẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀, ó lọ fi fóònù pe ìyá ọmọ náà. Kíláàsì ọ̀sán náà, èmi ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́, mo sì kọ́ wọn ní ìṣirò kan tí ìdáhùn rẹ̀ kò tíì bọ́ sí i títí di òní.

Ìyá Rédíò dé láti ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹ̀fun wà lápá rẹ̀ dé ìgúnpá. "Ta ló bá jà?"

"Kò bá ẹnikẹ́ni jà, mà," Rúlà wí. Rédíò ti yan ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Rúlà sọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́rin, kò fi ìkankan pamọ́.

Ìyá náà dúró gbagidi. "Kí ni mo fi dù ú, Tísà? Ó ń jẹun. Ó láṣọ. Láìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí fọ abọ́ láìjẹ́ pé mo pariwo, tí mò ń dúpẹ́ pé ọmọ mi ti dàgbà!"

"Àwa fún un ní páálí, mà. Ẹ̀yin ṣe dáadáa jù wá lọ." Rúlà dì í lọ́wọ́ mú, ìyẹ̀fun àti gbogbo rẹ̀. "Bó bá jẹ́ ibà ni, ṣé ẹ máa béèrè ohun tí ẹ fi dù ú? Àìsàn ni. Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìyá rẹ̀ rìn lọ sídìí fèrèsé. Ó fa orí ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, irun Rédíò sì di funfun fún ìyẹ̀fun.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọmọ wà láàárín. Ẹ̀rù ń ba Rúlà, bí ẹ̀rù bá sì ń bà á, ńṣe ló máa ń ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé fọ́ọ̀mù, ó ṣàlàyé iye ènìyàn tó ṣáájú wọn, ó ti ń ka táìlì ilẹ̀ nígbà tí Rédíò fọwọ́ kàn án lórúnkún.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀."

Ó dákẹ́. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní kí ẹnì kan ṣoṣo bá a wọlé. Àwọn obìnrin méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Rédíò wò wọ́n, ó ní, "Màmá mi," Rúlà sì padà jókòó, ó di báàgì ọmọ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n pẹ́ gan-an nínú yàrá yẹn. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n lò nìkan ni nọ́ńbà tí àǹtí mi kò lè sọ fún mi.

Nígbà tí wọ́n jáde, ojú ìyá àti ọmọ ti wú. Wọ́n mú ìwé kan lọ́wọ́ tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá sí: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àti Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, àti òmíràn. Dókítà ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó má fi ọmọ náà nìkan sílẹ̀ ná. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó ti tán. Rédíò rìn bí ẹni tó ti ibi jíjìn bọ̀.

"Ọ̀la ńkọ́, mà?" ó bi Rúlà ní ẹnu géètì.

"Ọ̀la, ago mẹ́fà ààbọ̀ láàárọ̀, màá wà lẹ́nu ọ̀nà yín. A jọ máa rìn lọ sílé ìwé."

"Mẹ́fà ààbọ̀? Mà, àwọn adìyẹ pàápàá ṣì ń sùn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ méje."

"Mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú."

"Méje, mà."

Ìyá rẹ̀ fẹ́ bá a wí pé ṣé bí wọ́n ṣe ń bá olùkọ́ ná ọjà nìyẹn. Rúlà gbọ́wọ́ sókè, ó dá a dúró. Ó bojú wo ọmọ náà dáadáa, ó ní, "Méje. Wàá wà níbẹ̀?"

"Màá wà níbẹ̀, mà," Rédíò wí.