Fóònù Tí Baba Wọ̀-ọ́-wò Yàn

Ọjọ́ tí Baba Wọ̀-ọ́-wò gbé ìrọ̀rí wọ ṣọ́ọ̀bù fóònù, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ rò pé ó rẹ baba náà ni, ó sì sáré gbé àga fún un. Baba ò jókòó. Ó gbé ìrọ̀rí lé orí gíláàsì tí wọ́n to fóònù sábẹ́ rẹ̀, ó yọ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan jáde látinú àpò, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó ń mí hẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, lọ jókòó sídìí ilẹ̀kùn yẹn. Kọ ẹ̀yìn sí wa. Má wẹ̀yìn o."

"Bàbá, ẹ má bínú," ni ọlọ́jà wí. "Fóònù là ń tà níbí. A kì í ta bẹ́ẹ̀dì."

"Mo mọ̀. Ṣé o ti rí ẹni tó ń sùn sórí gíláàsì rí? Abẹ́ ìrọ̀rí nìyá yìí ń fi fóònù sí. Abẹ́ ìrọ̀rí náà la ó ti dán an wò. Gbé àwọn méjèèjì wá."

Ọmọ wọn obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ nílùú tó jìnnà, tó gba ìsinmi wálé, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ńṣe ló ń wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Lónìí tí baba ti lọ, bó bá rántí ìrọ̀rí yẹn lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rín á gbà á lẹ́nu, omi á sì máa bọ́ lójú rẹ̀ pẹ̀lú.

Télọ̀ ni baba náà. Ohun tó sọ ọ́ di Wọ̀-ọ́-wò ni pé kò sẹ́ni tó lè gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ láì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lójú rẹ̀. Wíwọ̀ ọ̀hún ò sì kéré. Bí o bá jẹ́ awakọ̀, wàá jókòó sórí àpótí, wàá na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń wakọ̀. Bí o bá jẹ́ tíṣà, wàá nàgà, wàá máa fi ìka kọ ìwé sára ògiri. Ó tiẹ̀ mú káfíńtà kan gun àkàbà pẹ̀lú ṣòkòtò tuntun. Káfíńtà wà lókè níbẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé ṣòkòtò ti dáa, kó jọ̀ọ́ jẹ́ kóun sọ̀ kalẹ̀.

"Aṣọ kì í dáa lórí ìkọ́," ni baba máa ń wí. "Ara ẹni tó ni ín ló ti ń dáa."

Ọ̀rọ̀ baba pọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí kò rí ṣe láyé ni kó sọ̀rọ̀ tán lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Bó bá ti ní "Mo ń rò ó pé...", ìyá á ti dá a lóhùn: "Ẹ má rò ó. Ẹ jẹun, oúnjẹ ń tutù." Baba á pa ẹnu mọ́, á jẹun, èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún á sì wọlé padà sínú ikùn.

Ìgbà tó yá ni etí ìyá ò gbọ́ dáadáa mọ́. Nọ́ọ̀sì ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí fún un. Ìyá lò ó lọ́jọ́ kan, ó ní àwọn abọ́ inú kíṣìnnì ń pariwo mọ́ òun, ló bá yọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Nígbà náà ni baba rìnrìn àjò lọ ra òwú. Nọ́ọ̀sì pe ìyá láàárọ̀, kò gbé e. Ó tún pè, ó tún pè, kò sóhùn kankan. Ọmọ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wọkọ̀, ó ń sunkún títí ó fi délé. Ó bá ìyá nídìí ẹ̀wà tó ń ṣà, ara rẹ̀ le koko. Bí ìyá ti rí omi lójú ọmọ rẹ̀, òun náà figbe ta: "Yéè! Ta ló kú?"

Nígbà tí baba dé tó gbọ́ ọ, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní títí láé, ọmọ òun ò tún ní wọkọ̀ pẹ̀lú ẹkún torí pé fóònù dún tíyàá rẹ̀ ò gbọ́. Ó ní òun máa wá fóònù tó máa dé etí ìyá, bó wù kó pẹ́ tó.

Ó sì pẹ́. Fóònù Áńdíróòdù méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù fóònù tí agbára baba ká, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan dúdú. Wọn kì í ṣe ti olówó, wọn kì í sì í ṣe ti aláìní, iye tí wọ́n ń tà wọ́n ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Oníbàtà, ọ̀rẹ́ baba tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, ti ra búlúù ní tiẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi.

"Kámẹ́rà rẹ̀ ò láfiwé," ni oníbàtà wí. "Bí èèrà bá ń rẹ́rìn-ín, wàá rí eyín ẹ̀."

"Èèrà wo ló fẹ́ pe ìyàwó mi?"

"Ṣáà wo bí ojú ẹ̀ ṣe mọ́!"

"Ojú ò ṣe ìyá. Etí là ń wá fóònù fún."

Ṣùgbọ́n baba ò tíì gba ti dúdú náà. Ó mú téèpù ìwọnṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó wọn àwọn méjèèjì níbùú lóòró, ó dúpẹ́, ó padà sílé láì ra nǹkan kan. Ó rán àpò méjì mọ́ épírọ́ọ̀nù ìyá, ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún dúdú. Kí àpò má bàa ṣófo, ó ki ọṣẹ bọ ọ̀kan, ó ki pákó bọ èkejì, ó ní kí ìyá máa rìn kiri kó sọ èyí tó fúyẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù àtijọ́ dún lórí tábìlì. Baba gbọ́ ọ láti ìta, ó ké sí ìyá pé kó gbé fóònù. Ìyá ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ọṣẹ yọ, ó gbé e sétí. "Halóò? Halóò?" Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó dá ọṣẹ padà, ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa.

Ohun tó gbé wọn dé ìdí ìrọ̀rí nìyẹn. Ọlọ́jà ki búlúù sábẹ́ ìrọ̀rí, ó jẹ́ kó kọrin. Ìyá ń wo àwọn tó ń kọjá lójú títì. Ó ki dúdú sábẹ́ rẹ̀, ó jẹ́ kó lu aago. Ìyá yán. Wọ́n gbé ohùn sókè títí kò fi lè lọ sókè mọ́, wọ́n gbé ìrọ̀rí kúrò pátápátá, àwọn oníbàárà fi ọwọ́ dí etí, ọ̀kan tiẹ̀ jáde lọ. Ìyá ò mira.

Ojú baba yí padà. Nọ́ọ̀sì rí i pé baba òun ń ká téèpù tó fi kọ́rùn, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ìtìjú tó ń ṣe ọmọ náà kúrò lójú ẹsẹ̀, àánú baba rẹ̀ ló kù. Ó fẹ́ fà á lọ́wọ́ kí wọ́n máa lọ sílé. Ibẹ̀ ni baba ti fi ìbínú pariwo:

"Ìyá Nọ́ọ̀sì! Fóònù ń dún o!"

Ìyá yíjú padà wìì. "Mo gbọ́! Ẹ ní kí n má wẹ̀yìn, ẹ tún ń pè mí. Èwo ni kí n ṣe?"

Baba wo ìyàwó rẹ̀, ó wo fóònù, ó wo ọlọ́jà.

"Ọmọ mi, ṣé nǹkan yìí lè gba ohùn èèyàn, kó máa fi dún?"

"Ó lè ṣe é, bàbá."

Wọ́n gba ohùn baba sínú méjèèjì, wọ́n dá ìrọ̀rí padà. Ohùn rẹ̀ jáde tín-ín-rín látinú búlúù, bí ohùn ẹni tí wọ́n tì mọ́nú àpótí. Ìyá ò mira. Ó kan dúdú. Kó tó pe "Nọ́ọ̀sì" tán, ìyá ti dìde: "Mo ní mo gbọ́! Ṣé ẹ fẹ́ di mí létí pátápátá ni?"

Baba wá jókòó sórí àga tí wọ́n ti gbé fún un látàárọ̀. "Di dúdú fún wa," ló wí. Ó fi etí téèpù nu ojú, ó ní eruku ṣọ́ọ̀bù wọn pọ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, baba wọ yàrá ìránṣọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún ohùn náà gbà fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni tó ń rán aṣọ ìyàwó. Kò sẹ́ni tó mọ gbogbo ohun tó sọ, nítorí bó bá ti ní "Ìyá Nọ́ọ̀sì!" báyìí, ìyá á ti já fóònù gbà, á ti pa á lẹ́nu mọ́. Ó dún ní báńkì lọ́jọ́ kan tí ìlà gùn, ọlọ́dẹ sì ń wá ọkùnrin tó ń pariwo. Baba tó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Èmi ni," ló wí, "ṣùgbọ́n èmi kọ́."

Kámẹ́rà dúdú ò dáa. Nínú gbogbo àwòrán tó yà, ńṣe ni baba dà bí ẹni tó wà nínú èéfín. Nígbà tí baba sùn lóru kan tí kò jí mọ́, inú búlúù oníbàtà ni wọ́n ti rí ojúlówó àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo. Baba la ẹnu, ó na ìka sókè, eyín rẹ̀ yọ gbogbo. Oníbàtà gbé e wá nínú férémù, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ibi tó ti ń sọ fún mi pé kámẹ́rà yìí ò wúlò ni mo ti yà á."

Wọ́n ní baálé kú, ilé di ahoro. Fóònù dúdú ò jẹ́ kí ilé yẹn dahoro. Àwọn èèyàn jókòó ní pálọ̀, wọ́n ń bá ìyá kẹ́dùn, ni ohùn òkú bá ta: "Ìyá Nọ́ọ̀sì!" Ara gbogbo wọn bù máṣọ. Oníbàtà dìde fùú, ó ní, "Ọ̀gá!" Nọ́ọ̀sì sáré pa fóònù náà.

"Màmá, ṣé kí n bá yín yọ ohùn yẹn kúrò?"

"Kí o yọ kí ni?"

Ọmọ gbé fóònù padà lé e lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bó bá ti pe ìyá, fóònù á dún, á dún, á fẹ́rẹ̀ẹ́ já kí ìyá tó gbé e. Ẹ̀rù bà á. Ó ní etí ìyá òun ti lọ tán, ohùn baba pàápàá ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan nílùú tó wà, ó ní kí wọ́n fún òun ní èyí tí ohùn rẹ̀ le jù. Wọ́n gbé méjì síwájú rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan, ó gbé èkejì, kò lè yàn.

"Àǹtí, ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀ jàre," ni ọlọ́jà wí.

"Ṣé ẹ ní ìrọ̀rí níbí?"

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó mú fóònù tirẹ̀, ó pe ìyá. Ó dún títí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó já, ìyá gbé e.

"Màmá, ẹ̀ẹ́ṣe tí ẹ fi ń pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé e? Ṣé ẹ kì í gbọ́ mọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní 'Ìyá Nọ́ọ̀sì' ni mo ti gbọ́. Mo ń jẹ́ kí baba rẹ sọ̀rọ̀ tán ni."

Nọ́ọ̀sì di etí gíláàsì ìtajà mú.

"Kí ni wọ́n ń sọ, Màmá?"

"O ṣáà mọ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn gùn. Wọ́n ní kí n gbé e, pé èmi ni wọ́n ń pè, kì í ṣe àwọn. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ìwọ ni, kí n má pariwo mọ́ ẹ, kí n bi ẹ́ bóyá o ti jẹun. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn kí ẹ. Baba rẹ kí ẹ o. Ṣé o ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun, Màmá." Ó rọra ti fóònù méjèèjì padà síwájú ọlọ́jà, ó mi orí. "Ẹ bá mi kí wọn."

"Ó dáa. Pa á, kó o tún un pè, kí n lè jíṣẹ́ fún wọn."

Nọ́ọ̀sì pa á. Ó tún un pè, ó sì jẹ́ kó máa dún.