Ìwé Àdúrà Tí Kò Ní Àmì Ohùn

Ní ìsìn Ọjọ́rú kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìgàndó, wọ́n pín ìwé pélébé fún wa kí kálukú kọ ohun tó fẹ́ kí ìjọ bá òun tọrọ. Oṣù keje nìyẹn tí mo ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé mi tí egungun itan mi fi kán. Egungun ti jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ò tíì lágbára. Mo fi ìkánjú kọ ọ́: “E ba mi toro okun.” Mi ò fi àmì kankan sórí ẹ̀.

Arábìnrin tó ń ka àwọn ìwé náà síta gbóhùn sókè: “Màmá wa ní ká bá àwọn tọrọ òkun.”

Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, “Òkun kẹ̀? Ibo ni wọ́n fẹ́ gbé e sí?” Ni gbogbo ìjọ bá bú sẹ́rìn-ín, pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Ilé ìwé ìjọ ni mo ti kọ́ ìwé. Mo sì fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, èmi tí mo máa ń gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tí kò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀! Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo di ọ̀pá mi mú, mo dìde. “Ẹ bá mi gba méjèèjì. Bí Ọlọ́run bá fún mi ní okun, màá fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé etí òkun.” Wọ́n ṣe àmín tó mi ilé.

Mi ò sọ ìyókù fún wọn. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ti kun yàrá kan sílẹ̀ dè mí ní Ìbàdàn, nísàlẹ̀ ilé, níbi tí kò sí àtẹ̀gùn. Ó ní bí ọdún bá fi parí tí mo ṣì ń fa ẹsẹ̀, òun ń bọ̀ wá kó mi. Ọmọ dáadáa ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìgàndó ni mo kọ́lé sí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ máa gbé.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń rìn láràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà. Mo kọ́kọ́ ń dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, nígbà tó yá mo ń dé títì ńlá. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti ààtàn Solous, màá fi ìborùn bo imú, màá ṣáà máa lọ.

Nígbà tí mo rí i pé ẹsẹ̀ mi ti lè ṣe é, àbúrò mi obìnrin tó ń ta bàtà ní Ìkòtún bá mi wọkọ̀ lọ sí Àgbádárìgì. Kò lè jẹ́ kí n dá lọ, kò sì lè panu mọ́. Mo ṣáà ní màá fi ẹsẹ̀ rìn dé etí òkun ni, mi ò ní Ìgàndó ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibùdókọ̀ la ti rìn la ìlú já, a kọjá àwọn ilé àtijọ́ tí páànù wọn ti dípẹtà, títí a fi dé etí omi kan tó lọ salalu. Mo bọ́ bàtà, mo bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́.

Bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe gbójú sókè. “Ìyá, kí lẹ̀ ń dúpẹ́ fún?”

“Òkun tí mo dé ni, sà.”

“Ọ̀sà nìyí o. Òkun wà lódìkejì, lẹ́yìn àwọn igi àgbọn yẹn.”

Àbúrò mi di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. “Olùkọ́ Yorùbá! Ṣé àmì ohùn ló tún fa èyí?”

Ará Èkìtì ni wá, òkè la mọ̀. Omi tí kò bá ti ní afárá, òkun ni lójú tèmi.

A wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo ní ìyẹn ò ba ẹ̀jẹ́ mi jẹ́, torí kò sẹ́ni tó lè rìn lórí omi àfi Olúwa wa. “Àpọ́sítélì kan gbìyànjú ẹ̀ rí,” àbúrò mi dáhùn, “ẹ sì mọ ibi tó já sí.”

Lódìkejì, iyanrìn ni gbogbo ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da àwọn ẹrú gbà láyé ọjọ́un. Àwọn ò fẹ́ dé òkun rárá, èmi ló ń wù.

Ọ̀pá mi ń rì ju ẹsẹ̀ mi lọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo fà á yọ, mo kúnlẹ̀ gbì sínú iyanrìn. Ọlọ́kadà kan dúró. Àbúrò mi ní, “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gùn ún. Ọlọ́run ṣáà mọ ọkàn yín.”

“Ó mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè tàn án. Má fọwọ́ kàn mí.”

Mo fọwọ́ ti ilẹ̀, mo dìde, mo gbé ọ̀pá fún àbúrò mi. Mo ń ka sáàmù sínú, mo ń gbẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi ń gbọ́ ariwo omi, títí omi náà fi bo ọrùn ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Iyanrìn ń yọ̀ lọ lábẹ́ mi, mi ò ṣubú.

Fóònù àbúrò mi dún. Ọmọ mi ni.

“Mọ́mì ńkọ́?”

“Wọ́n wà nínú òkun.”

“Nínú kí ni?!”

Mo gba fóònù. “Ta ló gbé yín débẹ̀, Mọ́mì?”

“Ẹsẹ̀ mi.”

“Yàrá tí mo kùn ńkọ́?”

“Gbé e fún ẹni tó nílò ẹ̀. Màá wá kí yín nígbà ìkórè, màá sì padà sílé mi.”