Fẹ́ńsì Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Mi

Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń fi ilé yangàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ẹ̀yìn ilé wa ní Bódìjà kọjá, ẹ ó rí fẹ́ńsì kan tó ga ju gbogbo ti àdúgbò lọ. Tèmi ni. Àṣẹ ìjọba wà lórí rẹ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ bí a ṣe gbà á.

Òfin àdúgbò wa ni pé fẹ́ńsì ẹ̀yìnkùlé kò gbọdọ̀ ga ju èjìká ènìyàn lọ. Òfin náà kò dí mi lọ́wọ́ rí, àfi ìgbà tí ìyá mi kó kúrò ní Àpáta wá bá mi gbé. Agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìdajì àwọn tó ń fẹnu ariwo kiri Àpáta lónìí, ọwọ́ ìyá mi ni wọ́n ti kọ́kọ́ ké. Ìyá mi ti yọ̀ ṣubú rí nínú balùwẹ̀ onítáìlì, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti búra pé àwọn ò ní wẹ̀ nínú ilé mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń wẹ̀, lórí pèpéle sìmẹ́ńtì, nínú oòrùn àárọ̀.

Kò sí wàhálà kankan títí onílé ẹ̀yìn wa fi sọ ilé rẹ̀ di ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ilẹ̀ tiwọn ga ju tiwa lọ. Ẹni tó bá dúró ní kọ́rídọ̀ wọn láti fọ eyín, yóò rí ẹ̀yìnkùlé wa dé ìdí kànga. Lọ́jọ́ kan ìyá mi gbójú sókè, wọ́n rí ẹni tó na fóònù sí wọn. Wọn ò pariwo. Wọ́n ró ìró wọn, wọ́n wọlé, wọ́n ní, “Mú mi padà sí Àpáta.” Ilé tó ti ṣófo, tí kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ bí wọ́n bá tún ṣubú! Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lọ fọ́ fóònù náà. Mo lọ bá onílé, ó ní òun ò lè di ojú ọmọ ọlọ́mọ. Mo wá pinnu pé n ó tọrọ àyè láti mọ fẹ́ńsì wa ga.

Àbúrò bàbá mi ni mo mú dání lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ilé kíkọ́, nítorí ẹ̀bẹ̀ dùn lẹ́nu wọn. Ta ní í lọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ aláṣẹ láìmú àgbà dání? Bí a ti wọlé, àbúrò bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọ̀gá ibẹ̀. “Ẹ forí jì wá o, ọ̀gá. Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ fẹ́ńsì ni. Ọwọ́ yín la wà.”

Ọ̀gá náà kò béèrè ohunkóhun mọ́. Ní Ìbàdàn wa níbí, ta ló ń tọrọ àyè kó tó kọ́lé? À á kọ́ ọ tán ná, ká tó wá máa bẹ̀bẹ̀. Ó ti gbà pé a ti mọ ògiri náà. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, àbúrò bàbá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kí n má ba ẹ̀bẹ̀ jẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá dé tòun ti agolo ọ̀dà pupa, ó fẹ́ kọ ọ́ sára ògiri pé ká wó o. Ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó wo fẹ́ńsì kúkúrú, ó wò mí.

“Ògiri ọ̀hún dà?”

“A ò tíì mọ ọ́n, sà.”

“Kí lẹ wá ń bẹ̀ mí sí?”

Ìyá mi tó jókòó sábẹ́ òrùlé ló pè é. “Ọmọ mi, máa bọ̀. Gun orí pèpéle yìí.” Ó gùn ún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní kọ́rídọ̀, ọ̀kan ń fọ eyín, òmíràn ń fọ ìkòkò, gbogbo wọn ranjú mọ́ ọn.

“Bọ́ ẹ̀wù rẹ.”

“Háà, Mama!”

“Ẹ̀wù nìkan ni mo ní. Mi ò tíì dé orí ṣòkòtò.”

Ó fọwọ́ kan bọ́tìnnì, ó wo òkè, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. “Mama, ojú ń tì mí.”

“Ó dáa. Èmi náà, ojú ń tì mí.”

Ìyá mi ò kúnlẹ̀, wọn ò sì bẹ̀ ẹ́. Orí mi wú! Olùkọ́ ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀gá dé ọmọrí agolo ọ̀dà rẹ̀. Kò pẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló mú ìwé àṣẹ wá. Wọ́n fi kún un pé ìyá mi nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún. Lọ́jọ́ tí ìyá mi kò bá sí nínú ilé náà mọ́, a gbọ́dọ̀ gé ògiri náà kúrú. Mi ò fi búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì kí àṣẹ tó dé ọwọ́ mi, ẹ lè bi bíríkìlà.

Lọ́dọọdún ni ọ̀gá máa ń yà wá wò ó. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ẹnu géètì ló dúró sí, ẹ̀rù ń bà á láti béèrè.

“Ṣé Mama ṣì…?”

Kí n tó dáhùn, omi ró ṣàà lẹ́yìnkùlé.

“Mo wà o! Ẹ ní kó dúró, mò ń wẹ̀ lọ́wọ́!”