Àyẹ̀wò Kejì

Shamsudeen ń ta àwọ̀n ẹja ní Àgbádárìgì. Ní ọdún 1995, ó fẹ́ gbé Zulaikha níyàwó, ṣùgbọ́n Alhaji, bàbá Zulaikha, ní kó kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí àrùn éèdì.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn fi àmì àrùn náà hàn. Nọ́ọ̀sì Déọlá ṣàlàyé fún un pé àmì yẹn nìkan kò tó, torí pé ó máa ń ṣìnà nígbà mìíràn. Àyẹ̀wò kejì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Òkèèrè ni èròjà àyẹ̀wò kejì ti ń wá. Àwọn ológun tó ń ṣèjọba ti bá àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ jà, ìrànlọ́wọ́ sì ti dúró. Kò sí ẹni tí ìyà rẹ̀ ń jẹ nínú àwọn tó ń jà.

“Nọ́ọ̀sì, ṣé mo ní in àbí mi ò ní in?”

“Bọ̀ọ̀dá, mi ò mọ̀.”

“Ta ló wá mọ̀?”

Déọlá ní kó lọ bi wọ́n ní Èkó. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún Shamsudeen nígbà tó dé ilé ìwòsàn níbẹ̀.

Ó bẹ Alhaji pé kí wọ́n ṣe sùúrù títí àwọn òyìnbó yóò fi tún fi èròjà ránṣẹ́.

“Ṣé òyìnbó ló fẹ́ gbé ọmọ mi ni, àbí ìwọ?”

Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn ará ilé Alhaji dá ẹrù ìdána padà fún un: Kùránì, búùtà, ẹní ìkírun. Shamsudeen kó wọn sí ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọ̀n. Oníbàárà kan bi í pé èló ni ẹní náà. Ó wo ẹní, ó wo oníbàárà, kò mọ̀ bóyá kí òun tà á tàbí kí òun tọ́jú rẹ̀.